Ta Ni Yóò Bá Wa Gbé Òfò? Àlàyé lórí Adójútòfò Ẹran Ọ̀sìn

Bí ènìyàn bá dé ọjà Òmù-Àrán lónìí, tí ó sọ fún àwọn tí ń ta ewúrẹ́ pé òun fẹ́ ra adójútòfò fún ewúrẹ́ òun, ẹ̀rín ni yóò kọ́kọ́ gbà. Wọn yóò ní, "Ṣé mọ́tò ni ewúrẹ́ ni?" Ẹ̀rín yẹn kò yà mí lẹ́nu. Ohun tí ọ̀pọ̀ nínú wa mọ̀ mọ́ ọ̀rọ̀ ìnṣọ́ránsì kò ju ìwé pélébé tí ọlọ́pàá ń béèrè lọ́wọ́ awakọ̀ lójú ọ̀nà Ìlọrin lọ. Nítorí ọlọ́pàá ni a ṣe ń rà á, kì í ṣe nítorí òfò. Èyí ni ó fà á tí ó fi jẹ́ pé bí ẹnì kan nínú wa bá wá ní ohun tí ó tó dáàbò bò ní tòótọ́, bí ọgbà adìyẹ, tàbí agbo àgùntàn, tàbí màlúù mẹ́ta tí ó rà ní ọjà Àjàṣẹ́-Ìpo, ìbéèrè kan ṣoṣo ni yóò béèrè lọ́wọ́ àwọn onínṣọ́ránsì: "Èwo ni owó rẹ̀ kéré jù?" Èmi rò pé ìbéèrè yẹn ni ó yẹ kí ó kẹ́yìn.

Àwọn kan lè ní kí ni ó kan akẹ́kọ̀ọ́ èdè Yorùbá nínú ọ̀rọ̀ adìyẹ àti ìnṣọ́ránsì. Ó kàn án púpọ̀. Èdè Gẹ̀ẹ́sì ni a fi ń kọ ìwé àdéhùn wọ̀nyí, ọ̀pọ̀ nínú àwọn tí ń fi ọwọ́ tàbí àtàǹpàkò sí i sì ni àwọn òbí àti ẹ̀gbọ́n wa tí wọn kò lè ka ojú ewé kejì rẹ̀. Ojú ewé kejì yẹn gan-an ni a sì máa ń kọ àwọn ohun tí wọn kò ní san owó lé lórí sí.

Ẹ jẹ́ kí a ti orí ọ̀rọ̀ náà fúnra rẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Ọ̀rọ̀ méjì ni ó wọ́pọ̀ lẹ́nu wa fún un. Àwọn kan ń pè é ní adójútòfò, èyí ni pé ohun tí ń dójú ti òfò. Àwọn mìíràn ń pè é ní ìbánigbófò, èyí ni pé kí á bá ni gbé òfò. Adójútòfò ni ó gbilẹ̀ jù, òun ni èmi náà yóò sì máa lò níhìn-ín kí ọ̀rọ̀ mi má baà dàrú. Ṣùgbọ́n bí a bá wò ó dáadáa, ìlérí tí ó wà nínú rẹ̀ ti pọ̀ jù. Kò sí ìwé kankan tí ń dójú ti òfò. Adìyẹ tí ó kú ti kú. Ìbánigbófò ni ó sọ òtítọ́ ọ̀rọ̀, nítorí "bá" tí ó wà nínú rẹ̀: ẹni méjì ni yóò gbé òfò náà, olówó ẹran àti ilé-iṣẹ́. Ohun tí a ń wá nígbà tí a bá ń fi ìwé àdéhùn kan wé èkejì ni bí ẹrù náà ṣe pín láàárín àwọn méjèèjì.

Ewúrẹ́ tí a fún ni sìn

Kí ilé-iṣẹ́ adójútòfò kankan tó dé ilẹ̀ Ìgbómìnà ni àwọn ènìyàn wa ti ń ṣe àdéhùn lórí òfò ẹran. Ẹni tí ó ní ewúrẹ́ ṣùgbọ́n tí kò ní àyè, tàbí tí òwò rẹ̀ kò jẹ́ kí ó gbélé, a máa fún ẹlòmíràn ní abo ewúrẹ́ sìn. Bí ó bá bímọ, wọn a pín in. Ìyá bàbá mi, tí ó gbé ní abúlé kan tí kò jìnnà sí Èsìẹ́, ní tó ewúrẹ́ márùn-ún lọ́wọ́ àwọn ènìyàn báyìí, kò sì sí ìwé kankan láàárín wọn.

Síbẹ̀ àdéhùn náà kò rọ̀ rárá. Bí àrùn bá pa ewúrẹ́, òfò ìyá àgbà ni. Ẹni tí ń sìn ín kò ní san nǹkan kan, làálàá rẹ̀ nìkan ni ó ṣòfò. Bí ó bá jẹ́ pé ó tú ẹran sílẹ̀ lákòókò tí iṣu ń ta, tí ẹran wọ oko olóko, tí olóko sì ṣá a ládàá, ẹni tí ń sìn ín ni yóò san án, nítorí pé àìbìkítà rẹ̀ ni ó pa á. Bí ó bá sì ní ẹran kú, ó gbọ́dọ̀ gbé òkú rẹ̀ wá lọ́jọ́ náà, tàbí ó kéré tán kí ó mú orí rẹ̀ wá, nítorí pé etí ni ìyá àgbà máa ń kọ ní àmì. Ẹni tí ó bá dé lọ́jọ́ kẹta, tí ó wí pé, "Ẹ kú ìrọ́jú, Ìyá, ẹran yín kú, a sì ti sin ín," ojú tí yóò fi wò ó kì í dára. Ti olè ni kò níyanjú. Bí olè bá jí ẹran gbé lóru, ẹjọ́ a máa dé iwájú baálé.

Ẹ wo ohun tí ó wà nínú àdéhùn aláìníwèé yìí: irú ikú tí a gbà àti irú èyí tí a kò gbà, ẹni tí yóò gbé òfò, ẹ̀rí tí a ó mú wá, àti ìgbà tí a gbọ́dọ̀ mú un wá. Àwọn ìwé àdéhùn adójútòfò ẹran tí mo ti kà kò fi nǹkan púpọ̀ kún un, bí a bá yọ owó àsansílẹ̀ kúrò, èyí ni owó tí a ń san fún ilé-iṣẹ́ lọ́dọọdún kí òfò tó dé.

Òfò ikú yàtọ̀ sí ìnáwó ìtọ́jú

Oríṣi adójútòfò ẹran méjì ni ó wà ní ayé, ẹni tí kò bá sì mọ ìyàtọ̀ wọn yóò máa fi iṣu wé ọ̀gẹ̀dẹ̀. Èkínní ń san iye owó ẹran nígbà tí ó bá kú. Èkejì ń san owó dókítà nígbà tí ó bá ṣàìsàn.

Ti ikú ni ó ṣáájú. Ní orílẹ̀-èdè Sweden, láti ọdún 1890 ni wọ́n ti ń ṣe adójútòfò fún ẹṣin àti ẹran ọ̀sìn, nítorí pé ẹṣin ni ọwọ́ àti ẹsẹ̀ àgbẹ̀ nígbà náà. Níbẹ̀ náà ni wọ́n ti kọ́kọ́ ṣe é fún ajá ní 1924. Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tẹ̀ lé e ní 1947. Ní Amẹ́ríkà, ọdún 1982 ni wọ́n ṣe ìwé àkọ́kọ́ fún ajá kan, ajá náà kì í sì í ṣe ajá lásán: Lassie ni, ajá inú tẹlifíṣọ̀n. Bí ajá àti ológbò ṣe wọ inú ọ̀rọ̀ náà ni ìdí rẹ̀ yí padà. Ta ni yóò fi ajá ilé rẹ̀ tà lọ́jà? Iye tí ajá náà tó kọ́ ni ìṣòro wọn, owó dókítà ni. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ìjọba ń tọ́jú ènìyàn lọ́fẹ̀ẹ́ ní ilé ìwòsàn, ṣùgbọ́n kò tọ́jú ajá. Iṣẹ́ abẹ kan ṣoṣo lára ẹsẹ̀ ajá lè gba ẹgbẹẹgbẹ̀rún pọ́n-ùn.

Àwọn ará wa tí ó ń gbé ní Peckham tàbí Manchester, tí àwọn ọmọ wọn ti sọ ajá di ara ilé, ni ọ̀rọ̀ yìí kàn jù, nítorí oríṣi mẹ́rin ni wọ́n ń tà níbẹ̀, orúkọ wọn sì jọra. Ọ̀kan ń san owó ìjàǹbá nìkan. Bí mọ́tò bá kọ lu ajá, wọn yóò san, bí ibà bá ṣe é, wọn kò mọ̀ ọ́n. Èkejì ń san owó àìsàn fún oṣù méjìlá péré láti ọjọ́ tí àìsàn náà bẹ̀rẹ̀, lẹ́yìn èyí wọ́n ti ilẹ̀kùn mọ́ àìsàn yẹn títí láé. Ẹ̀kẹta kò ka oṣù, iye owó kan ni ó yà sọ́tọ̀ fún àìsàn kọ̀ọ̀kan. Bí owó náà bá tán, ó tán. Ẹ̀kẹrin ń sọ owó náà di ọ̀tun lọ́dọọdún níwọ̀n ìgbà tí olówó ajá kò bá dá owó àsansílẹ̀ dúró.

Ní ọdún àkọ́kọ́, ẹni tí ó ra èkejì àti ẹni tí ó ra ẹ̀kẹrin kò rí ìyàtọ̀ kankan, àfi pé ẹ̀kẹrin wọ́n jù. Ẹ jẹ́ kí àtọ̀gbẹ mú ajá náà ná. Àtọ̀gbẹ ajá, bí ti ènìyàn, abẹ́rẹ́ ojoojúmọ́ ni títí tí yóò fi kú. Ẹni tí ó ra èkejì yóò gba owó fún ọdún kan, lẹ́yìn náà yóò dá nìkan máa ra abẹ́rẹ́. Bí ó bá sì ní òun yóò lọ sí ilé-iṣẹ́ mìíràn, ìbéèrè tí wọn yóò kọ́kọ́ bi í ni pé àìsàn wo ni ó ti ṣe ajá rẹ rí. Àìsàn tí ó bá ti wà kí a tó kọ ìwé, wọn kì í gbà á. Ìyẹn ni ó fi jẹ́ pé ìwé tí ó dínwó lónìí lè jẹ́ ẹ̀wọ̀n lọ́la.

Ti Amẹ́ríkà fara jọ èyí. Olówó ajá yóò kọ́kọ́ san owó dókítà fúnra rẹ̀, yóò fi ìwé owó ránṣẹ́, ilé-iṣẹ́ yóò yọ ìpín tí òun gbọ́dọ̀ gbé kúrò, wọn yóò sì dá 70 tàbí 80 tàbí 90 padà fún un nínú ọgọ́rùn-ún. Nínú òfin wọn, bí ajá ti jẹ́ ọmọ olówó tó, dúkìá ni wọ́n kà á sí, gẹ́gẹ́ bí àga tàbí mọ́tò.

Ti ilẹ̀ wa

Òfò ikú ni adójútòfò ẹran ọ̀sìn ti Nàìjíríà ń wò ní pàtàkì. Ní ọjọ́ 15 oṣù Kejìlá ọdún 1987 ni ìjọba àpapọ̀ dá ètò adójútòfò iṣẹ́ àgbẹ̀ sílẹ̀, nígbà tí òfin 37 ti ọdún 1993 sì jáde, ó di ilé-iṣẹ́ tí ó dá dúró, èyí tí a mọ̀ sí NAIC, tí olú rẹ̀ wà ní Àbújá. Ikú tàbí ìpalára tí ìjàǹbá, àrùn, iná, àrá, ìjì àti omíyalé bá fà ni wọ́n ń dá owó rẹ̀ padà. Òfin náà ṣe ètò pé ní ti àwọn irè oko àti ẹran tí ìjọba yàn, àgbẹ̀ yóò san ìdajì owó àsansílẹ̀, ìjọba yóò sì san ìdajì yòókù: àpapọ̀ yóò san 37.5 nínú ọgọ́rùn-ún, ìpínlẹ̀ yóò san 12.5. Fún ọ̀pọ̀ ọdún NAIC nìkan ni a mọ̀ mọ́ iṣẹ́ yìí. Lónìí àwọn ilé-iṣẹ́ aládàáni náà ti wọ inú rẹ̀, ìdí nìyí tí ọ̀rọ̀ ìfiwéra fi dé.

Ohun kan wà tí ọ̀pọ̀ àgbẹ̀ ń ṣì mú. Ní 1977 ni ìjọba gbé òfin owó onídùúró fún ẹ̀yáwó iṣẹ́ àgbẹ̀ kalẹ̀, èyí tí báńkì ńlá ìjọba ń bójú tó. Bí àgbẹ̀ kò bá lè san ẹ̀yáwó, owó náà yóò bá báńkì gbé títí dé 75 nínú ọgọ́rùn-ún ohun tí ó kù. Ẹ ṣàkíyèsí pé báńkì ni ó bá gbé e, kì í ṣe àgbẹ̀. Gbèsè náà kò kúrò lọ́rùn àgbẹ̀. Báńkì sì máa ń sọ fún ẹni tí ó yá owó pé dandan ni kí ó ra adójútòfò, wọn a sì kọ orúkọ báńkì sínú ìwé náà pé òun ni kí a kọ́kọ́ sanwó fún bí ẹran bá kú. Kò sí ohun tí ó burú níbẹ̀, owó wọn ni. Ṣùgbọ́n kí àgbẹ̀ tó sọ pé òun ní adójútòfò, kí ó kọ́kọ́ wo orúkọ ẹni tí ó wà nínú ìwé.

Nǹkan kejì ni ti owó. Òfin adójútòfò ti ọdún 2003 sọ ọ́ kedere pé bí a kò bá tíì san owó àsansílẹ̀, kò sí ààbò. Òfin tuntun ti ọdún 2025 ti gba ipò rẹ̀, kò sì mú ìlànà yìí kúrò. Kò sí "máa kọ ọ́ sílẹ̀, n ó mú owó wá lọ́jọ́ ọjà." Ìyá olóúnjẹ lè ta àwìn, adójútòfò kì í ta á.

Ojú ewé kejì

Ẹ̀gbọ́n mi kan ń sin adìyẹ ẹlẹ́yin ní ẹ̀yìn odi Òmù-Àrán. Ó ra ìwé lọ́wọ́ ilé-iṣẹ́ kan, ó sanwó rẹ̀ pé, ó sì fi ìwé náà sí abẹ́ ibùsùn. Ní ọjọ́ kẹsàn-án ni lúkúlúkú wọ inú ọgbà rẹ̀, èyí tí àwọn dókítà ẹran ń pè ní àrùn Newcastle. Adìyẹ bẹ̀rẹ̀ sí í yí ọrùn, wọ́n ń yàgbẹ́ àwọ̀ ewé, wọ́n ń kú ní mẹ́wàá mẹ́wàá. Bí àgbẹ̀ gidi, ó gbẹ́ kòtò, ó sin wọ́n, ó fín oògùn kí àrùn má baà ràn. Lẹ́yìn tí gbogbo rẹ̀ rọlẹ̀ ni ó tó lọ sọ fún àwọn onínṣọ́ránsì. Wọn kò fún un ní kọ́bọ̀. Ìwé náà sọ pé kí ọjọ́ mẹ́rìnlá pé kí a tó ka àrùn kankan sí. Ó sọ pé kí dókítà ẹran yẹ òkú wò. Ó sì sọ pé kí a fi ìwé ẹ̀rí abẹ́rẹ́ àjẹsára hàn. Ìkẹta nìkan ni ẹ̀gbọ́n mi ní. Inú bí i títí di òní, ó ní olè ni wọ́n. Èmi kò pè wọ́n ní olè. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó ta ìwé náà fún un, tí ó jẹ́ ọmọ Yorùbá bí tiwa, kò ka ojú ewé kejì sí i létí ní èdè tí ó gbọ́, kò sì sí òfin tí ó ní kí ó má ṣe bẹ́ẹ̀.

Lúkúlúkú kì í ṣe àlejò. Láti nǹkan bí 1952 ni a ti mọ̀ ọ́n ní agbègbè Ìbàdàn, abẹ́rẹ́ rẹ̀ sì wà, wọ́n ń ṣe é ní ilé-iṣẹ́ ìwádìí àrùn ẹran ní Vom, ní ìpínlẹ̀ Plateau, èyí tí ó ti wà láti 1924. Ìdí tí àwọn onínṣọ́ránsì fi ń béèrè ìwé ẹ̀rí abẹ́rẹ́ nìyẹn. Ní tiwọn, ẹni tí kò fún adìyẹ ní abẹ́rẹ́ dà bí ẹni tí ó tú ewúrẹ́ sílẹ̀ lákòókò iṣu.

Ikú kan tún wà tí kì í ṣe ti àrùn. Ní oṣù Kejì ọdún 2006, àrùn adìyẹ tí ó ti Éṣíà wá fara hàn ní ọgbà kan ní ìpínlẹ̀ Kàdúná, àkọ́kọ́ irú rẹ̀ ní ilẹ̀ Áfíríkà. Ìjọba pàṣẹ pé kí a pa gbogbo adìyẹ tí ó wà ní àwọn ọgbà tí ó ràn dé, àwọn tí ara wọn dá pẹ̀lú àwọn tí ń ṣàìsàn. Ṣé àrùn ni ó pa èyí tí ara rẹ̀ dá? Ọ̀pọ̀ ìwé àdéhùn ní àṣẹ ìjọba ni ó pa á, nítorí náà kí á lọ bá ìjọba. Ìjọba san owó gbà-máà-bínú nígbà náà, ṣùgbọ́n gbà-máà-bínú kì í ṣe àdéhùn. Ẹni tí ó fún ni ni ó ń pinnu iye rẹ̀. Kí ẹni tí ń sin adìyẹ wo ohun tí ìwé rẹ̀ sọ lórí èyí kí ó tó wo iye owó.

Nísinsìnyí a lè dé orí owó. Ká ní ẹnì kan ní adìyẹ 400, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan tó ₦6,000. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ ₦2,400,000. Ilé-iṣẹ́ kan ní kí ó san ₦60,000 lọ́dún, ṣùgbọ́n nínú òfò èyíkéyìí òun fúnra rẹ̀ yóò gbé 20 nínú ọgọ́rùn-ún. Òmíràn ní kí ó san ₦96,000, kí ó sì gbé 5 péré nínú ọgọ́rùn-ún. Ó hàn gbangba pé èkínní fi ₦36,000 dínwó. Bí adìyẹ 20 bá kú, òfò jẹ́ ₦120,000. Èkínní yóò san ₦96,000, èkejì yóò san ₦114,000. Èkínní ṣì dára jù, nítorí ìyàtọ̀ náà kò ju ₦18,000 lọ. Bí 100 bá kú ńkọ́? Òfò di ₦600,000. Èkínní yóò san ₦480,000, èkejì ₦570,000. Ìyàtọ̀ ti di ₦90,000, ohun tí ó dínwó ti wọ́n. Adìyẹ 40 ni àwọn méjèèjì ti pàdé. Ìbéèrè tí ó kù wá di èyí: nínú ọgbà tèmi, ikú méjìmẹ́ta ni ó ń dà mí láàmú ni, tàbí ìparun? Ikú méjìmẹ́ta, kò yẹ kí a máa ra ìwé nítorí rẹ̀. Ọ̀pọ̀ ilé-iṣẹ́ tilẹ̀ máa ń yọ iye kan sílẹ̀ nínú ọgọ́rùn-ún pé ikú tí kò sí ọgbà tí kì í ṣẹlẹ̀ ni.

Ọgbọ́n kan wà tí àwọn ènìyàn wa fẹ́ràn, tí kì í ṣe ọgbọ́n rárá. Ẹni tí ó ní adìyẹ ₦2,400,000 yóò sọ fún ilé-iṣẹ́ pé ₦1,200,000 ni gbogbo ohun tí òun ní, kí owó àsansílẹ̀ lè kéré. Ó rò pé bí òfò ₦600,000 bá ṣẹlẹ̀, yóò ṣáà gbà á pé, nígbà tí kò kọjá ohun tí ó kọ sílẹ̀. Rárá o. Wọn yóò ka adìyẹ rẹ̀, wọn yóò rí i pé ìdajì ni ó dáàbò bò, wọn yóò sì san ìdajì òfò, ₦300,000, kí wọ́n tó yọ ìpín tirẹ̀ kúrò pàápàá.

Ajá ọdẹ àti ère Èsìẹ́

Iye owó ọjà ni a ti ń sọ bọ̀. Adìyẹ ní iye lọ́jà, màlúù ní iye ní Àjàṣẹ́-Ìpo. Kí ni iye ajá ọdẹ? Ẹni tí kò mọ̀ yóò sọ iye tí a ń ta ọmọ ajá. Ọdẹ mọ̀ pé ajá tí ó ti bá òun wọ igbó fún ọdún mẹ́rin, tí ó mọ ìyàtọ̀ òórùn òyà àti ti ejò, tí òun fi òwe kan sọ lórúkọ kí ọ̀tá lè gbọ́, kò sí lọ́jà. Bí a bá kọ "iye owó ọjà" sínú ìwé, owó ọmọ ajá ni yóò gbà.

Àwọn ère òkúta Èsìẹ́ náà kò ní iye owó ọjà. Ní 1945 ni a kọ́ ilé fún wọn, ilé ìkóhun-ìṣẹ̀ǹbáyé-sí àkọ́kọ́ ní gbogbo Nàìjíríà. Fún irú ohun bẹ́ẹ̀, ọ̀nà mìíràn ni àwọn onínṣọ́ránsì ayé ń gbà: olówó àti ilé-iṣẹ́ yóò jókòó, wọn yóò fohùn ṣọ̀kan lórí iye kan kí òfò tó dé, wọn yóò sì kọ ọ́ sílẹ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ni wọ́n ń ṣe fún ẹṣin eré ìje. Kò sí ìdí tí a kò fi lè béèrè irú rẹ̀ fún àgbò tí a dìídì rà fún ìrú, tàbí fún ajá tí ó ń bọ́ ilé. Ṣùgbọ́n ẹni tí kò bá béèrè, iye owó ọjà ni wọn yóò kọ fún un.

Nígbà tí a wà lórí ajá, ẹ jẹ́ kí n sọ èyí kí n tó kúrò níbẹ̀: ọ̀pọ̀ ìwé àdéhùn ajá ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ń bá olówó ajá san owó ẹni tí ajá rẹ̀ bá ṣe léṣe. Níbi tí dìgbòlugi ṣì ti ń pa ènìyàn bí tiwa, apá yẹn ni èmi ì bá kọ́kọ́ rà.

Ìdí tí ẹ̀rí fi le

Ẹ̀rí ikú ni ó ń dá ìjà sílẹ̀ jù láàárín àgbẹ̀ àti ilé-iṣẹ́. Ewúrẹ́ kan tí ó kú ní abúlé lẹ́yìn Ìsánlú-Ìsin, owó ọkọ̀ ẹni tí yóò wá wò ó lè ju owó ewúrẹ́ náà lọ. Ní ilẹ̀ Kẹ́ńyà wọ́n wá ọ̀nà yọ. Láti 2010, ní agbègbè Marsabit, wọ́n fi ẹ̀rọ tí ń yí ayé po lójú ọ̀run wo bí koríko ṣe tutù tó. Bí koríko bá gbẹ kọjá ìwọ̀n kan, wọn yóò san owó fún gbogbo ẹni tí ó ra ìwé, wọn kò ní béèrè òkú ẹran kankan. Ìjọba Kẹ́ńyà fúnra rẹ̀ gbé irú ètò bẹ́ẹ̀ kalẹ̀ ní 2015. Ọgbọ́n ńlá ni, ṣùgbọ́n n kò rò pé ó bá ilẹ̀ Ìgbómìnà mu. Ọ̀dá ni ó ń pa ẹran ní Marsabit. Ohun tí ó ń pa ewúrẹ́ tiwa ni àrùn tí ń mú kí ikun dà ní imú rẹ̀, kí ẹnu rẹ̀ di egbò, kí ó sì máa ṣu gbuuru, èyí tí àwọn onímọ̀ ń pè ní PPR, tí wọ́n kọ́kọ́ ṣàpèjúwe rẹ̀ ní Côte d'Ivoire ní 1942. Ẹ̀rọ ojú ọ̀run kò lè rí ikun imú ewúrẹ́.

Ẹni tí ó lè rí i ni aládùúgbò. Ní abúlé ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní nǹkan bí igba ọdún sẹ́yìn, àwọn tálákà tí ó ní màlúù kan tàbí ẹlẹ́dẹ̀ kan a máa kó ara wọn jọ sí ẹgbẹ́. Wọn a máa dá owó díẹ̀díẹ̀, wọn a fi àmì ẹgbẹ́ sára ẹran, bí ẹran ẹnì kan bá sì kú, àwọn tí ẹgbẹ́ yàn yóò lọ wò ó, ẹgbẹ́ yóò sì sanwó. Èyí kò ṣàjèjì sí àwa tí a mọ èésú, tí a mọ ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù, tí a mọ àáró. Àwọn Mùsùlùmí wa tí ọkàn wọn kò balẹ̀ sí adójútòfò nítorí èlé àti tẹ́tẹ́ náà ní irú rẹ̀ nínú takáfù, níbi tí owó ti jẹ́ ìdáwó láti ran ara ẹni lọ́wọ́. Ìlànà rẹ̀ jáde ní Nàìjíríà ní 2013, wọ́n sì fún ilé-iṣẹ́ méjì ní ìwé àṣẹ ní 2016.

Àléébù ẹgbẹ́ abúlé ni pé ikú ewúrẹ́ kì í mú ẹyọ kan. Bí PPR bá wọ Òmù-Àrán ní ìgbà ọyẹ́, ẹran gbogbo ọmọ ẹgbẹ́ ni yóò máa kú lọ́sẹ̀ kan náà, owó tí wọ́n dá kò sì ní tó ẹnikẹ́ni. Ohun tí ó lè ṣeé ṣe ni kí ẹgbẹ́ wà ní ìsàlẹ̀, kí ilé-iṣẹ́ wà lókè: kí ẹgbẹ́ ṣe ìyẹ̀wò òkú, kí ó san òfò kékeré, kí ó rí i pé gbogbo ẹran gba abẹ́rẹ́ kí ọyẹ́ tó dé, kí ó sì fi orúkọ gbogbo ọmọ ẹgbẹ́ ra ìwé kan ṣoṣo fún ìparun. Owó ọkọ̀ aṣèyẹ̀wò kò ní jẹ́ ti ewúrẹ́ kan mọ́. Ní ìlú tí ó ní yunifásítì tí ó gbájú mọ́ iṣẹ́ àgbẹ̀ láti 2011, kò yẹ kí a wá ẹni tí yóò kọ́ wọn bí a ti ń ṣàkọsílẹ̀ títí.

Iṣẹ́ tiwa nínú rẹ̀ ni ojú ewé kejì yẹn. Mo ti ń túmọ̀ ọ̀kan nínú rẹ̀ fún ẹ̀gbọ́n mi. Mo ti rí "owó àsansílẹ̀" lò, mo ti rí "ìpín olówó ẹran," mo sì ti rí "ọjọ́ ìdúródè" fún ọjọ́ mẹ́rìnlá tí ó bá a lẹ́jọ́. Ṣùgbọ́n fún ìlànà tí ó ní kí á san ìdajì òfò fún ẹni tí ó dáàbò bo ìdajì ohun ìní rẹ̀, n kò tíì rí ọ̀rọ̀ kan tí ìyá olóko yóò gbọ́ lẹ́ẹ̀kan tí yóò yé e. Ẹni tí ó bá ní in, kí ó jọ̀wọ́ fi ránṣẹ́ sí olóòtú kí ìwé ti ọdún tí ń bọ̀ tó lọ sí ilé ìtẹ̀wé.